Ìwọ̀ Tí Kì Í Kọjá Sẹ́yìn

Lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn kan tí ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí, nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání lọ sí etí odò láti pẹja. Ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí a ń gbé, mo da okùn ìpẹja mi sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn. Ìwọ̀ tó wà lẹ́nu okùn náà há mọ́ ìborí tí ìyàwó mi wé. Àárín ibi tí ó há sí àti ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ju ìbú ìka méjì lọ.

Ìyàwó mi kò pariwo. Ó dúró láìmira, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ má fà á.” Èmi tí mo ti ń múra láti fà á, mo ju ọ̀pá sílẹ̀. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé okùn, a sì rọra tú ìborí náà. Nínú mọ́tò, nígbà tí a ń padà sílé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sọ̀rọ̀: “N kò bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa sinmi nílé ní Sátidé.”

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń gbé yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyàwó mi ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀sán ni èmi fi ń kọ̀wé. Bí mo bá ń jí, òun ń bọ̀ wá sùn. Bí òun bá jí, a ó jọ jẹun tán, yóò sì jáde. Sátidé nìkan ni a fi ń rí ara wa láti àárọ̀ di alẹ́, etí odò ni a sì ti máa ń lo ọjọ́ náà. Òun a tẹ́ ẹní, a ka ìwé, a bu ìrẹsì tí ó sè wá látilé sínú abọ́. Èmi a máa ju okùn sómi. Sátidé mẹ́ta tó tẹ̀lé e, èmi nìkan ni mo dá lọ. Mo pa ẹja méjì, mo sì dá wọn padà sínú omi. Kò sí ẹni tí mo fi wọ́n hàn. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi ti sọ tèmi, mo sì mọ ẹni tí ó bá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú ẹja pípa tí mo ń sọ. Bí ọmọdé bá ń pẹja létí odò nílé wa, ekòló ni yóò fi sẹ́nu ìwọ̀, yóò so òjé mọ́ okùn, yóò sì jù ú. Òjé tó wúwo ló ń fa okùn lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní fly fishing kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àtọwọ́dá ló wà lẹ́nu okùn níbẹ̀: ìyẹ́ adìyẹ, irun ẹranko àti òwú, tí a wé mọ́ ìwọ̀ kékeré kan kí ó lè jọ kòkòrò tí ẹja ń jẹ. Ó fúyẹ́ débi pé bí a bá fi ọwọ́ jù ú, ẹsẹ̀ wa ni yóò bọ́ sí. Nítorí náà, okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe kí ó nípọn, kí ó sì wúwo díẹ̀. Okùn ni a ń jù. Òun ni ó ń gbé kòkòrò náà lọ bá ẹja.

Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń kọ́ ni kí a gbé okùn kúrò lójú omi, kí a dà á sẹ́yìn lójú òfurufú, kí a jẹ́ kí ó nà tán, kí a tó dà á síwájú. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ ju okùn ẹsẹ̀ bàtà 40 síwájú nílò ààyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Létí adágún tó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n odò Dove ni àwa ń lọ, odò tó pààlà láàárín Derbyshire àti Staffordshire. Ẹja pípa lọ́nà yìí ti pẹ́ níbẹ̀. Létí odò náà ni Charles Cotton gbé, ẹni tó kọ apá tó dá lórí fly fishing nínú ìwé The Compleat Angler. Ọdún 1653 ni Izaak Walton kọ́kọ́ tẹ ìwé náà jáde. Ti Cotton kún un ní ọdún 1676. Omi odò náà mọ́ gaara, ẹja trout wà nínú rẹ̀, àmọ́ igi bo etí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó bá da okùn sẹ́yìn níbẹ̀, bí kò bá há mọ́ igi, ó lè há mọ́ ènìyàn.

Ní Sátidé kẹta tí mo dá lọ, mo wà lórí òkúta kan, mo ń fa ẹ̀ka igi láti gba ìwọ̀ mi padà, nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ bíbí àgbègbè náà, ń kọjá lọ. Wọ́n dúró, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ṣé ẹja orí igi ni o wá pa ni?”

Ẹ̀rín pa mí, n kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, kò sí ààyè lẹ́yìn níbí.”

Wọ́n ní, “Kí ni o ń wá lẹ́yìn? Omi tó wà níwájú rẹ tó o lò.” Wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n dúró, wọ́n sì rọra sọ ọwọ́ síwájú. Okùn náà tú kúrò nílẹ̀, ó ń yí lọ lójú omi bí ẹní tí a ká tí a wá ń tẹ́, títí ó fi nà tán lábẹ́ igi tó wà ní òdì kejì. Ìwọ̀ kò kọjá sí ẹ̀yìn wọn rárá. Ohun tí wọ́n ń pè ní roll cast nìyẹn.

Ó gbà mí ní Sátidé márùn-ún mìíràn kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo kọ́ lẹ́sẹẹsẹ, kí ó má baà gba ẹ̀yin tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ na okùn síwájú yín lójú omi. Ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 30 tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí orí ọ̀pá sún mọ́ omi, kí okùn má sì dẹ̀. Bí okùn bá dẹ̀, fífà á kí ó le ni ọwọ́ yín yóò máa ṣe nígbà tó yẹ kí ó ti máa ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ọ̀pá sókè àti sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí okùn máa yọ̀ bọ̀ lójú omi láìta omi sókè. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá fì síta díẹ̀ kúrò lára yín, kí okùn má baà kọjá lójú yín. Ọwọ́ yóò gòkè títí àtàǹpàkò yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ etí. Bí a bá fi ọ̀pá wé ọwọ́ aago, tí 12 wà lókè orí tí 9 sì wà níwájú, ọ̀pá yóò dúró láàárín 1 sí 2.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ó le jù fún èmi: ẹ dúró. Ẹ má ṣe ohunkóhun. Okùn yóò rọ̀ wálẹ̀ láti orí ọ̀pá, yóò kó ikùn sẹ́yìn èjìká yín, òun àti ọ̀pá yóò sì jọ lẹ́tà D. Ọ̀pá ni ìlà tó dúró gbọọrọ, okùn ni ikùn. Ìyókù okùn ṣì wà lójú omi níwájú, pẹ̀lú ìwọ̀. Èyí tó wà lójú omi yìí ni àwọn apẹja ń pè ní ìdákọ̀ró, bí ìdákọ̀ró tó ń di ọkọ̀ mú. Omi ń dì í mú, ìyẹn ni ó sì ń jẹ́ kí ọ̀pá rí ohun tí yóò fà kí ó lè tẹ̀ bí ọrun. Bí ikùn D náà bá ṣe tóbi tó ni ìwúwo tó wà lẹ́yìn ọ̀pá ṣe pọ̀ tó, ọ̀pá a sì lágbára sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni jíjù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ọwọ́ máa yára sí i, kí ó sì dúró lójijì nígbà tí ọ̀pá bá dé nǹkan bí aago 10. Ẹ rò ó bí ẹni tó ń fi òòlù gbá ìṣó mọ́ ògiri tó wà níwájú rẹ̀, ní ọ̀gangan ojú. Dídúró lójijì yẹn ni ó ń sọ okùn di ẹní tó ń tú. Bí okùn bá ti nà tán ni ẹ tó rọ ọ̀pá sílẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bí ọ̀pá bá wà ní apá ọ̀tún, apá òsì okùn tó wà lójú omi ni kí ẹ jù ú sí. Bí ẹ bá jù ú sí apá ọ̀tún rẹ̀, okùn yóò gorí okùn, yóò sì lọ́ mọ́ra. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ń fẹ́ wá láti apá ọ̀tún, ẹ gbé ọ̀pá kọjá sí èjìká òsì, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé okùn lù yín lójú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àwọn àṣìṣe tèmi. Àkọ́kọ́ ni pé n kò dúró. Bí ọwọ́ mi bá ti dé etí báyìí, mo ti sọ ọ́ síwájú. Ikùn D kò tíì kún, okùn a sì ṣubú níwájú mi gìdìgbà. Èkejì ni pé mo ń fa okùn bọ̀ kánmọ́kánmọ́, débi pé ìdákọ̀ró kúrò lómi, ìwọ̀ fò sókè, ó sì ta mí létí. Ẹ̀kẹta ni pé mo ń gbá ìṣó mọ́ ilẹ̀ dípò ògiri: mo ń ti ọ̀pá lu omi, okùn náà sì ń tẹ̀lé ọ̀pá lọ lu omi, a kó jọ bí ìdì ẹ̀fọ́. Okùn a máa lọ síbi tí orí ọ̀pá bá kọjú sí nígbà tó dúró. Bí orí ọ̀pá bá kọjú sí omi lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín, ibẹ̀ náà ni okùn yóò lọ.

Gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí, ìyá kan náà ló bí wọn: agbára. Bí okùn kò bá lọ jìnnà, mo máa ń fi agbára kún un. Bí mo bá sì fi agbára kún un, kò tún ní lọ mọ́. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ẹni tó bá rò pé apá líle ló ń gbé okùn lọ, kí ó rántí Joan Wulff, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó kọ́ ijó jíjó nígbà èwe rẹ̀. Ní ọdún 1951, òun nìkan ni obìnrin nínú ìdíje jíju okùn jìnnà kan tó bá àwọn ọkùnrin díje, òun ló sì gbégbá orókè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kọ́ àwọn ènìyàn ní bí a ṣe ń ju okùn.

Níbo ni a ti lè fi ọwọ́ kọ́ ọ? Mo lo ìrọ̀lẹ́ méjì lórí koríko nínú pápá ìṣeré àdúgbò wa, n kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, wọ́n ní koríko kì í di okùn mú bí omi. Kò sí ìdákọ̀ró níbẹ̀. Bí ó bá di dandan kí a lo koríko, kí a fi ohun tó wúwo tẹ ìpẹ̀kun okùn mọ́lẹ̀. Èyí tó dára jù ni omi, kódà adágún kékeré. Wọ́n ní kí n gé ìwọ̀ kúrò, kí n so òwú pupa díẹ̀ sí ipò rẹ̀, kí n máa fi 20 ìṣẹ́jú ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí n sì dáwọ́ dúró kí apá tó rẹ̀ mí. Apá tó ti rẹ̀ a máa fi agbára rọ́pò ọgbọ́n.

N kò sọ pé ọ̀nà yìí lè ṣe gbogbo iṣẹ́. Kì í gbé okùn lọ jìnnà tó ti òkè orí. Bí ó bá sì jẹ́ kòkòrò tó yẹ kí ó léfòó ni a ń lò, dídà á síwá-sẹ́yìn lójú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbọn omi kúrò lára rẹ̀. Roll cast kì í ṣe èyí, nítorí náà a ó máa fi ọwọ́ gbẹ ẹ́. Àmọ́ lójú odò kékeré tí igi yí ká, ohun tó lè ṣe tó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ti ní ìpìlẹ̀ ohun tí àwọn apẹja odò Spey ní Scotland fi ń ju okùn gígùn láìdà á sẹ́yìn gbọọrọ, èyí tí wọ́n fi orúkọ odò wọn pè ní Spey cast.

Kí á tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ààbò: ọ̀nà yìí dín ewu kù, kò mú un kúrò. Okùn ṣì ń kó ikùn sẹ́yìn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dúró gan-an lẹ́yìn yín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tí ẹ fi ń jù ú. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́nu ìwọ̀ mọ́lẹ̀, kí ó lè rọrùn láti yọ bí ó bá wọ ara ènìyàn tàbí ẹja. Kí gbogbo ẹni tó wà létí odò dé fìlà, kí wọ́n sì lo awò ojú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Environment Agency kí ó tó fi ọ̀pá pa trout. Ọ̀fẹ́ ni fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16. Ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni etí odò pẹ̀lú.

Ní alẹ́ Jímọ̀ kan, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ fi hàn án. Kò dáhùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a tó ń ká ẹní. Nígbà tí a dé etí odò, ó tẹ́ ẹ síbi tó jìnnà, ó tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, sẹ́yìn igi ńlá kan, ó sì dé fìlà wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú. N kò sọ nǹkan kan. Mo na okùn, mo fà á sókè, mo dúró, mo jù ú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ di ọ̀sán. Ìwọ̀ kò fò kọjá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, iwájú igi ni ó tẹ́ ẹní sí.

Ní Sátidé kẹta, ó dìde, ó ní kí n fún òun ní ọ̀pá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé aago 1 àti aago 10, ó ní kí n dákẹ́. Ó fa okùn bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó dúró pẹ́ ju bí èmi ṣe máa ń dúró lọ, ó sì sọ ọwọ́ síwájú. Okùn náà tú, ó lọ, ó nà tán. Ní ìgbà àkọ́kọ́! Mo bi í pé ta ni ó kọ́ ọ.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Olówó orí mi, bí a ṣe ń gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn nìyẹn. Bí ẹ bá já a gbà lójijì, yóò le mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó sì ṣe é léṣe. Ẹ ó fà á díẹ̀, ẹ ó dúró kí òun náà gbára lé yín, ẹ ó wá jọ dìde.”

Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá méjì ni a ń gbé lọ sí etí odò. Ohun tí a bá fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò létí omi tó bá wà nítòsí yín, pẹ̀lú òwú pupa dípò ìwọ̀. Kí ẹ tó jù ú, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó lẹ́yìn yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.